ẸJẸ̀ TA NI Ó WÀ NÍNÚ ÀPÒ YÌÍ?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí ní kí èmi náà kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn ìjọ wa wà lójú ewé mìíràn, orúkọ àwọn olùdáwó náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ọsibítù.

Ní òru ọjọ́ kan nínú ìgbà òjò, ọmọ mi obìnrin bímọ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú wa yìí. Ọmọ ké, a yọ̀, mo ti ń fi fóònù pe àwọn ènìyàn. Kò tó ìdajì wákàtí tí nọ́ọ̀sì fi sáré jáde, tí ó tún sáré wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá ọmọ, kò sì fẹ́ dá. Dókítà ní àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, páìǹtì méjì, kíákíá. Mo tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí. Ọmọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣí fíríìjì, ó mú àpò jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, ó ní wọ́n bá ara wọn mu. Mo wo àpò náà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni mo rí lára rẹ̀, n kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ta ni ó wà nínú àpò yìí?"

Ó ní, "Bàbá, a kì í sọ orúkọ ẹni tí ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ó fínnúfíndọ̀ fi tọrẹ ni. A ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo ní rárá o, kí wọ́n dúró ná. Mo ní àwọn ẹbí wa wà níta, ẹ̀jẹ̀ tiwa ni kí wọ́n fà sí ọmọ mi lára, èyí tí mo mọ orísun rẹ̀.

Ẹ má tètè dá mi lẹ́jọ́. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 1986 nígbà tí a gbọ́ pé àrùn éèdì ti wọ Nàìjíríà. Ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ fún wa ni ìbálòpọ̀, èkejì ni ẹ̀jẹ̀. Ní 2006 àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ọmọ ọwọ́ kan gba kòkòrò HIV láti inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára ní ọsibítù ńlá kan ní Èkó. Ta ni yóò ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tí kò ní í bẹ̀rù?

Ìbẹ̀rù kejì wà tí àwa Aládúrà kì í sọ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n tí a ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. A ní ẹ̀jẹ̀ a máa gbé ìwà ẹni wọ inú ẹlòmíràn. A ní bí ó bá jẹ́ ti olè ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tí ó ti bá ẹ̀mí àìmọ́ dá májẹ̀mú ńkọ́? Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí, àbí ẹ kò gbọ́?

Ìbẹ̀rù kẹta ni ti àṣìṣe: kí wọ́n lọ fa ti ẹlòmíràn síni lára.

Èmi rù gbogbo wọn lórí ní òru ọjọ́ náà, mo sì jáde lọ bá àwọn ẹbí lórí bẹ́ǹṣì. Àwa méje ni a wà níbẹ̀. Ẹnìkan ní òun ń gbààwẹ̀. Ẹnìkan ní ara òun kò yá láti ìjẹta. Ẹnìkan dìde bí ẹni fẹ́ lọ tọ̀, a kò rí i mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọkọ ọmọ mi àti àbúrò mi ọkùnrin nìkan ni wọ́n ká apá aṣọ sókè. Wọ́n yẹ àwọn méjèèjì wò. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n pe àbúrò mi sí kọ̀rọ̀, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí ó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní tèmi kò ṣe é lò." Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B ni wọ́n rí. Kò mọ̀ pé òun ní i. Kò ṣàìsàn rí tí ó mú un dùbúlẹ̀. Òun ni ó ní kí n kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹlòmíràn lè gbọ́n, Ọlọ́run yóò wò ó sàn.

Ẹ wo nǹkan! Àlejò tí mo ń sá fún, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Ọmọ ìyá mi tí mo sá tọ̀ lọ, tirẹ̀ kò mọ́. Àwọn baba wa ní ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, a ń tu itọ́ funfun jáde. Kò sí ojú tí ó lè wo iṣan ènìyàn kí ó sọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ìbáà ṣe ojú ìyá sí ọmọ. Dókítà tún ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé fífa ẹ̀jẹ̀ ìbátan tímọ́tímọ́ síni lára a máa fa wàhálà ńlá kan nígbà mìíràn, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gún mi lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin inú yàrá ẹ̀jẹ̀ bi mí. Kò fi ṣe àfojúdi o, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Ẹnu mi wọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ara mi le, n kò lo oògùn kankan. N kò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Ní òru ọjọ́ náà pàápàá, àwọn ẹlòmíràn ni mo ń wá kiri, n kò rántí apá tèmi. Mo fi ọwọ́ sí ìwé. Wọ́n fa àpò àlejò méjèèjì sí ọmọ mi lára, ọkọ rẹ̀ sì fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wá lẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ mi là ojú, ó béèrè ọmọ rẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè: ṣé ó tọ́ kí ènìyàn bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò mọ̀? Bí ó bá sì tọ́, kí ni ìbẹ̀rù náà ní kí a ṣe? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti àṣìṣe ni kí a kọ́kọ́ mú. Ní 1901, dókítà kan ní Vienna, Karl Landsteiner, jẹ́ kí ayé mọ̀ pé oríṣiríṣi ni ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àwọn tí a ń pè ní A, B àti O lónìí. Kí ó tó dìgbà náà, bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára, bóyá yóò yè bóyá yóò kú ni. Ọjọ́ ìbí ọkùnrin náà, 14 oṣù Òkúdù, ni gbogbo ayé fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lọ́dọọdún. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àpò dé orí bẹ́ẹ̀dì ènìyàn yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi wọ́n pé, orúkọ aláìsàn yìí àti nọ́ńbà rẹ̀ ni ẹ bá níbẹ̀? Ṣé oríṣi ẹ̀jẹ̀ náà bá tirẹ̀ mu? Nọ́ọ̀sì rere kò ní í bínú. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹ má ṣe lọ jìnnà. Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí ó gbóná, tí ẹ̀yìn ń ro ó, tí ara ń yún un tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ ké sí wọn lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dá a dúró.

Ti ìwà àti ẹ̀mí ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ní sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í gbé ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ nínú ara. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ara aláìsàn ti ṣe tirẹ̀, ti àlejò ti tán. Bí ìwà olè bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, á jẹ́ pé olè náà yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́rin! Jésù Olúwa wa kọ́ wa pé láti inú ọkàn ni ìwà búburú ti ń jáde wá. Ẹni tí ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn gba ìrànlọ́wọ́ ni, kò bá a dá májẹ̀mú kankan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó gbàdúrà sí àpò náà kí wọ́n tó so ó kọ́. Èmi náà gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n kí ó má fi àdúrà dá nọ́ọ̀sì dúró.

Ó wá ku ti àrùn, òun ni baba wọn. Ní 1983 ni wọ́n rí kòkòrò HIV, 1985 ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un jáde. Lónìí, ó yẹ kí wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí a fi sílẹ̀ wò fún HIV, hepatitis B, hepatitis C àti syphilis kí wọ́n tó fà á sí ẹnikẹ́ni lára. Orílẹ̀-èdè wa ti ní òfin tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ lórí ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ láti 2021. Ẹ béèrè: ṣé ẹ ti yẹ èyí wò fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ṣùgbọ́n ibìkan wà tí àyẹ̀wò kò dé. Bí àrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara ènìyàn, ó lè pẹ́ fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àyẹ̀wò tó lè rí i, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ni ó wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn? Òtítọ́ ni. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn, wọn yóò fún un ní fọ́ọ̀mù: ṣé o ti bá ẹlòmíràn yàtọ̀ sí aya rẹ tàbí ọkọ rẹ lò pọ̀? Ṣé wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún ọ láìpẹ́? Ṣé ojú rẹ pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe? Ìbéèrè náà le ju ti àlùfáà lọ. Ẹni tí ó bá dáhùn rẹ̀ lóòótọ́ ni alákòóso àkọ́kọ́ fún ẹ̀mí aláìsàn.

Ta ni ó wá lè sọ òtítọ́ yìí? Ẹ fi ojú inú wo ọkọ ìyàwó tí àna rẹ̀ ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé yóò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ti ṣe ìṣekúṣe ní oṣù tí ó kọjá? Ẹ tún wo ẹni tí ebi ń pa, tí ó ń ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó lè jẹun. Bí ó bá sọ òtítọ́, wọn kò ní í rà á. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ẹ kò rí i pé òwe yìí bá ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ mu wẹ́kú? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lé e, bí ó bá rí i pé òun kò yẹ, yóò sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì máa lọ sí ilé rẹ̀ láìsí ìtìjú. Òun nìkan ni irọ́ kò lè mú èrè wá fún. Ìdí nìyẹn tí àpéjọ ìlera àgbáyé fi rọ gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1975 pé kí wọ́n gbára lé àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ láìgba owó.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ti gbọ́ ìròyìn ìwádìí tí ó jáde ní oṣù Èbìbí 2024. Láàrin ọdún 1970 sí 1991, ó ju 30,000 ènìyàn lọ tí ó kó àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ní Ìlú Ọba, nǹkan bí 3,000 nínú wọn sì ti kú. Lára oògùn náà wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ra ohun inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tí owó ń wá lójú. Ìlú tí ó ní ẹ̀rọ, tí ó ní dókítà, tí ó ní owó! Àwọn tí ó mọ ewu náà sì pa á mọ́. Níbi tí owó bá ti wọlé tí òtítọ́ sì jáde, fíríìjì kò lè gbani.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ìbẹ̀rù wa tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbé e gbà ni kò tọ́. A ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ àlejò, a kò sì fi tiwa sílẹ̀. Nígbà tí ó bá di kánkán, a ó sáré kiri, a ó fi owó ra ti ẹni tí ń dúró lábẹ́ igi lẹ́yìn ọsibítù. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ burúkú ni ó ń lé wa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀ burúkú. Báńkì ẹ̀jẹ̀ dà bí àmù ilé. Bí gbogbo ará ilé bá ń bu omi mu níbẹ̀ tí ẹnìkan kò lọ sódò, ọjọ́ tí òùngbẹ bá dé ni a ó mu omi kòtò. Ẹni tí ó bá ń béèrè pé ẹ̀jẹ̀ ta ni èyí, kí ó tún bi ara rẹ̀ pé, tèmi dà?

Bákan náà, ta ni à ń pè ní àlejò? Ìlú wa yìí mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀jẹ̀. Láti 1997 títí di 2000, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín nígbà náà kò ní í gbàgbé. Lónìí, bí ẹ bá ṣí fíríìjì ọsibítù, ẹ kò ní í rí Ifẹ̀ lára àpò, ẹ kò ní í rí Modákẹ́kẹ́. Ẹ kò ní í rí ìjọ Aládúrà, ẹ kò ní í rí Mùsùlùmí. A, B, O nìkan ni ẹ ó rí. Bóyá ẹni tí ó gba ọmọ mi là jẹ́ ọmọ ẹni tí ó sá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún náà. N kò mọ̀, n kò sì ní í mọ̀ láé. Ará Samáríà inú ìtàn Olúwa wa náà kò béèrè ìran ẹni tí ó sùn sójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà kò bi í pé, ta ni bàbá rẹ kí o tó da òróró sí mi lójú ọgbẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé, Akọ̀wé, àdúrà ni tiwa. Òótọ́ ni, àdúrà ni tiwa. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àdúrà ni àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú-Òde dì mú, láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń jẹ́ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. N kò ní í gbé àdúrà kalẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní nǹkan bí lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan rẹ̀, tí ó kúnlẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run kí Ó rán ìrànlọ́wọ́ sí aboyún tí ń sun ẹ̀jẹ̀, ṣé kì í ṣe òun gan-an ni Ọlọ́run fẹ́ rán? Ìwé Lefitiku kọ́ wa pé ẹ̀mí ẹran-ara wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan torí èyí kọ̀ láti gbà á. Èmi rí ohun mìíràn kọ́ níbẹ̀: bí ẹ̀mí bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó purọ́ sínú fọ́ọ̀mù ẹ̀jẹ̀ purọ́ sí ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀, ẹni tí ó sì fi tọrẹ pẹ̀lú òtítọ́ ti rú ẹbọ tí kì í kú.

Kò ṣòro bí a ti ń rò. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 tí kò tíì ju 65 lọ, tí ó wúwo tó kílò 50, tí ara rẹ̀ sì le, lè fi sílẹ̀. Kò ju nǹkan bí ìdajì lítà lọ. Ọkùnrin lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin. Àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe fún ọ, ìwọ náà yóò mọ ohun tí ó wà lára rẹ, bí àbúrò mi ti mọ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ẹ̀yin aboyún inú ìjọ, ẹ lọ sí ìtọ́jú lásìkò, ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, kí ó má di pé a ń wá àpò kiri fún yín. Ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ nínú fíríìjì, ó lé díẹ̀ ní oṣù kan ni ó ń lò, nítorí náà a kò lè fi ti ọdún yìí pamọ́ de ọdún tí ń bọ̀. Ẹni kan gbọ́dọ̀ máa lọ ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn òru ọjọ́ náà, mo padà lọ sí yàrá ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù, mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pa ojú dé nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, ẹ̀rù bà mí díẹ̀, kí n má purọ́. Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ àpò náà, kò sí orúkọ mi níbẹ̀. Níbìkan, ẹnìkan yóò ti wò ó, yóò ti béèrè pé, ẹ̀jẹ̀ ta ni èyí? Mo gbàdúrà kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún ìjọ ni pé kí ó tó di àjọ̀dún tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti ẹgbẹ́ àwọn baba yan ọjọ́ kan tí a ó jọ lọ. Kí a má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni, kí a má sì bi ẹni tí ó bá padà sẹ́yìn léèrè ìdí, nítorí ibi tí ìtìjú bá wà ni irọ́ ti ń wọlé.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí a wá ẹ̀jẹ̀ tì ní ọjọ́ àìní. Yóò bùkún àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn tí wọ́n ti gbà wá là. Àmín.